Báwo lẹ ṣe rí ààyè ìwádìí ọ̀mọ̀wé (PhD) yín? Ẹ wá sọ tẹnu yín

Akẹ́kọ̀ọ́Irin: Mo ti gba máṣítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ààyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń wá báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ńbẹ̀, báwo lẹ ṣe rí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.

Àdùkẹ́Kẹ́mí: Ímeèlì 41 ni mo kọ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mẹ́ta péré ló fèsì, méjì ní owó ti tán. Ẹnì kẹta ní kí n wo àwòrán kejì nínú ìwádìí òun, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo kúkú ti kà á kí n tó kọ̀wé sí i. Mo ní àmì márùn-ún péré ni wọ́n fi fa ìlà yẹn, ọ̀kan sì jìnnà sí i gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la sọ̀rọ̀.

ṢàǹgóVolt: 41 kẹ̀! Èmi kọ 100 ó lé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, orúkọ ni mo ń yí.

Àdùkẹ́Kẹ́mí: Abájọ. Irú ẹ̀ ń rọ́ dé bá ọ̀gá mi bí òjò. Ẹnì kan tilẹ̀ fi orúkọ ẹlòmíì kí i.

ṢàǹgóVolt: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi 😂

EwéInúÌgò: Àwa tá a wà ní Jámánì, iṣẹ́ oṣù ni. Ẹ máa rí E13, ìyẹn ipele owó oṣù, nínú ìkéde, àmọ́ ìdá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. 50% ni tèmi, ìmọ̀ ohun alààyè. Mi ò tíì rí ọjọ́ tí mo ṣe ìdajì iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà lókè wa ń gba 100%.

ṢàǹgóVolt: Bí wọn ò bá san án, ilé-iṣẹ́ á kó wa lọ.

EwéInúÌgò: Kí wọ́n kúkú kó yín.

Bọ̀dáLésà: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wo owó ìwádìí Marie Skłodowska-Curie ní Yúróòpù, kó ka oṣù ẹ̀ o. Bó o bá ti lò ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó kọjá ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà ọ́, ó parí. Oṣù 14 ni tèmi. Mo ti kọ gbogbo ìwé tán kí n tó kà á.

Àbíkẹ́: Yéè. Èmi rí ààyè wẹ́rẹ́ ní tèmi. Ọdún kejì ni ọ̀gá mi rí iṣẹ́ sí yunifásítì míì, ó bá gbé ẹ̀rọ wa lọ.

ṢàǹgóVolt: Odidi ẹ̀rọ? Ẹ rọra o.

Àbíkẹ́: Owó ìwádìí tó gbà ló fi rà á. Wọ́n tú u sínú àpótí mẹ́sàn-án. Ihò bóòtù mẹ́rin ló kù nílẹ̀. Èmi ni mo gbálẹ̀ ibẹ̀.

EwéInúÌgò: Kò parọ́. Ọ̀gá tiwa náà lọ, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wa ká pinnu bóyá a ó tẹ̀ lé e.

Àdùkẹ́Kẹ́mí: Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ rí, kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́Irin: Máàkì mi ò fi bẹ́ẹ̀ dán, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́?

Bọ̀dáLésà: Ní 1884, ní Uppsala ní Sweden, díẹ̀ ló kù kí ìwé ọ̀mọ̀wé Arrhenius, onímọ̀ kẹ́mísírì, já. Ọ̀rọ̀ kan náà ló mú un gba Nobel ní 1903.

ṢàǹgóVolt: Àwa tí máàkì wa ò dán nìkan la máa ń rántí bàbá yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́Irin: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní lábù tí mò ń wò. Ó ní òun ò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ká sọ ọ́ lórí fóònù.

Àbíkẹ́: Hẹ̀n-ẹ́n.