Wọ́n ní kí ìyàwó ṣèlérí ìgbọràn lójú agbo: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Alága Ìjókòó, Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ alága ìjókòó ni mò ń ṣe, láti Èbúté títí dé ọ̀nà Ṣàgámù ni wọ́n ti ń pè mí. Lóde kan báyìí, a ti ka lẹ́tà, ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, a ti ṣíjú ìyàwó, ó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́dọ̀ àwọn òbí méjèèjì. Ó kù kó lọ mú Bíbélì láàárín ẹrù, kó dé fìlà fún ọkọ ẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ bá gba máìkì. Wọ́n ní kí ìyàwó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé òun á máa gbọ́ràn sí ọkọ òun lẹ́nu, òun ò sì ní já a ní koro láéláé. Wọ́n ní kí wọ́n ká a sórí fóònù, kó lè di ẹ̀rí lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Ìyá ìyàwó kàn ń wojú mi.

Bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní alága ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá wa, ẹ ṣé, ẹ ó jèrè àwọn ọmọ. Tọkọtaya ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí olórí ilé kọ́kọ́ sọ tiẹ̀.” Onílù gbọ́ mi yé, ló bá lùlù sí i. Ọkọ ní òun ò ní nà án, òun ò ní febi pa á, òun ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí òun bú u. Ẹ ò rí i, níbi “ẹbí òun” yẹn gan-an ni ariwo ti ta! Ìyàwó náà ní, “Olówó orí mi, màá máa gbọ́ tiyín, kẹ́ ẹ máa gbọ́ tèmi náà.” Bàbá jókòó. Wọn ò ná kọ́bọ̀ fún mi títí a fi kógbá wọlé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ń pe nǹkan yìí ní àṣà. Nínú ìdána tí mo bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, ìyàwó kì í ṣèlérí lójú agbo. Ẹbí ló ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi oyin, iyọ̀, orógbó àti ataare wúre fún un, ó parí. Ẹkún ìyàwó àwọn ará Ọ̀yọ́ pàápàá, ìre ló fi ń tọrọ lọ́wọ́ òbí. N ò sọ pé wọn kì í kọ́ ọmọbìnrin kó bọ̀wọ̀ fọ́kọ o. Nínú yàrá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Yìgì ni wọ́n so fún èmi. Wọ́n bi mí bóyá mo fara mọ́ ọn, wọ́n dárúkọ sàdáàkì, bàbá mi fà mí lé e lọ́wọ́, ọkọ ní òun gbà, àwọn ẹlẹ́rìí gbọ́. Kò sí “màá gbọ́ràn” níbẹ̀. Inú wáàsí ló ti wá yọjú, ó sì gùn! Àǹtí mi ló pariwo látẹ̀yìn pé, “Àfáà, tọkọ ńkọ́?” Àfáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oúnjẹ, aṣọ àti ilé, ọrùn ọkọ ló wà, owó tí ìyàwó bá sì fọwọ́ ara ẹ̀ pa, tiẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ dákẹ́ lọ gbári.

Bàbá Ìbejì, Àgbádárìgì

Alága, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìlérí ìgbọràn yìí gbà wọlé. Ní 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì àti ti CMS, ìyẹn àwọn Áńgílíkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nínú Ìwé Àdúrà 1662 tí àwọn CMS ń lò, ìyàwó ṣèlérí ìgbọràn, ọkọ ò ṣe é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó nìwé gan-an ti ń fi í sílẹ̀: Elizabeth, tó padà di ọbabìnrin wọn, sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó ẹ̀ ní 1947, Diana tó fẹ́ Charles ọmọ ẹ̀ ò sọ ọ́ ní 1981.

Ìyàwó tèmi bẹ Pásítọ̀ kí wọ́n yọ ọ́. Màmá mi ní ṣé ọ̀gá ni mo fẹ́ gbé wálé. Wọ́n yọ ọ́ ṣá. Nígbà tó yá, mo fẹ́ ta ilẹ̀ wa ní Àjàrà, ó ní rárá, n ò sì ní ìlérí kankan tí mo lè nà sí i. Ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀.

Ìyá Àgbà, Ìkòròdú

Èmi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì dùn mí títí dòní. Ọkọ mi ò fi rán mi létí rí. Ẹni tó bá wù kó sọ ọ́. Èyí tí wọ́n gbé máìkì ká mọ́ ni n ò fẹ́. Àbúrò mi tó lọ sí rẹ́jísírì, ọ̀rọ̀ tóun sọ gan-an lọkọ ẹ̀ náà sọ níbẹ̀.

Alága Ìjókòó, Ìkòròdú

Ẹ ṣé, Ìyá. Ìdána mìíràn ń bọ̀ ní Èbúté, mo sì ti pe alága ìdúró wọn. Ó ní ẹbí ọkọ ti kọ nǹkan sílẹ̀ tí ìyàwó máa kà. Mo ní kó fi ránṣẹ́ kí ìyàwó rí i kọ́jọ́ tó pé, kí ọkọ náà sì máa kọ tiẹ̀ bọ̀. Kò tíì dá mi lóhùn.