Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n tún ní ká wá ya àwòrán orí ọmọ mi

Ìyá Ráfíù, Kétu: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi lórí, kókó ló wà nínú ọpọlọ rẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Ọlọ́run yọ ọ́. Ó ti padà sí iléèwé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ò jẹ́ ká sinmi: ẹ wá fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, ẹ tún wá yà á. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, a jókòó láti ìdájí títí di ìrun Alásárì, nọ́ọ̀sì kan wá ń jágbe mọ́ mi pé mo gbàgbé ìwé sílé. Ìyá ọkọ mi ní mò ń fi owó ọmọ òun ṣòfò. Àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù ò yá wa ní nǹkan kan. Kókó ti kúrò, kí ni wọ́n tún ń wá?

Bàbá Ìbejì, Sábẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ráfíù. Kí ni wọ́n pe kókó náà nínú ìwé? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yọ?

Alájà, Àjàṣẹ́: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ní in. Ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn la gbé e lọ, níbi tí Dókítà Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Medulloblastoma ni tirẹ̀, kókó jẹjẹrẹ tó ń hù lápá ẹ̀yìn ọpọlọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò wá, omijé ń bọ́. Wọ́n ní nínú ọmọ mẹ́rin, ó máa ń ṣe bí ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ohùn padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sí i lórí, wọ́n fún un lóògùn. Ó ti di géńdé, àmọ́ kò ga, ìwé ò sì tètè yé e.

Ọmọ Kétu: Ìyá mi, owó ni wọ́n ń wá. Ẹ fún un ní àgbo.

Bàbá Ìbejì, Sábẹ̀: Àgbo wo ló ń yọ kókó inú ọpọlọ? Ẹ má ṣi ìyá ọlọ́mọ lọ́nà!

Ìyá Ráfíù, Kétu: Ẹ má bínú sí mi, ilẹ̀ la tà ká tó rówó iṣẹ́ abẹ yẹn. Pilocytic astrocytoma ni wọ́n kọ pé kókó náà ń jẹ́. Wọ́n ní díẹ̀ kù tó lẹ̀ mọ́ ibi tí wọn ò lè fọwọ́ kàn.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Irú èyí kì í yára dàgbà. Tí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ó lé ní 90 tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 10. Èyí tó kù lè má dàgbà fún ọdún púpọ̀, ó sì lè hù padà. Àwòrán ló ń fi hàn kó tó hàn lára ọmọ.

Alájà, Àjàṣẹ́: Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Lọ yà á.

Ìyá Ráfíù, Kétu: Ẹ ṣé. A máa lọ tí wọ́n bá ti kó àgbàdo. Èébì ló kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu, láràárọ̀ ló ń bì sórí aṣọ iléèwé rẹ̀, orí sì ń fọ́ ọ. Mo rò pé gààrí ni. Ṣé ẹ rí i, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lórí tó ń fa omi lọ sí ikùn, ṣé ìyẹn lè fa èébì?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Ìyá Ráfíù, ẹ gbé e lọ báyìí! Rọ́bà yẹn lè ti dí. Tó bá dí, omi á máa kún nínú agbárí, á tẹ ọpọlọ, ọmọ á máa sùn títí tí kò fi ní jí mọ́. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ó ní rọ́bà lórí. Ẹ mú gbogbo ìwé àti àwòrán àtijọ́ dání.

Ìyá Ráfíù, Kétu: Bàbá rẹ̀ wà lóko.

Bàbá Ìbejì, Sábẹ̀: Ẹ má dúró dè é!

Ìyá Ráfíù, Kétu: A ti wọkọ̀. A ti ń sún mọ́ Pobè. Ó ṣì ń dá mi lóhùn.

Alájà, Àjàṣẹ́: Tó o bá dé Àjàṣẹ́, pè mí. Màá tẹ̀ lé ẹ dé Kútọnù, mo ní owó díẹ̀ lọ́wọ́.