Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru, ọmọ mi ò jẹun níléèwé mọ́: báwo ni mo ṣe lè yí oúnjẹ ilé wa padà?

Ìyá Mofẹ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, lápá Ìjàpọ̀. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n wọn ìfúnpá ọkọ mi, ó jẹ́ 156/98. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Dókítà fún un lóògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa rìn. Ẹni ọdún 44 ni. Rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá rẹ̀ lọ, torí náà àyà mi já gan-an.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún un, tí kò níyọ̀, tí kò lépo. Àwa yòókù á máa jẹ iyán àti ẹ̀gúsí níwájú rẹ̀, òun á tẹjú mọ́ àwo tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo rí ọ̀rá tí wọ́n fi di àsùn lábẹ́ àga mọ́tò rẹ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti Mofẹ́, ọmọ ọdún 12. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó na ọwọ́ sí iyán kí ó fi kún tirẹ̀, bàbá rẹ̀ ní, "Òróbó, ṣé o fẹ́ dà bíi tèmi ni?" Eré ló fi ṣe. Ọmọ náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde, ó lọ ṣan ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣe di oúnjẹ fún un lọ síléèwé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé kúlà bọ̀. Lọ́jọ́rú, mo ṣí i, ìrẹsì náà ti ń yọ̀, ẹyin tí mo gé sórí rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ará ìlú Ondo ni wọ́n. Lójú tiwọn, iyán tí kò kún àwo, ìṣẹ́ ni. Wọ́n bi mí pé ṣé owó ti tán lọ́wọ́ ọmọ àwọn ni. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò fẹ́ rí wọn fín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àdùnní:

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ọ̀rọ̀ bàbá ti wà lọ́wọ́ dókítà, ti Mofẹ́ ò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 12 ṣì ń dàgbà, a kì í febi pa á kó lè rù. Kí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ pè é, kó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá a bẹ̀ ẹ́ o. Kí orúkọ òróbó kúrò nílé yín pátápátá, kí ẹ má sì gbé ọmọ náà gun ìwọ̀n. Bí kúlà bá ṣì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí i, tàbí tí ẹ bá kófìrí pé ó ń lọ bì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ẹ má se ìkòkò méjì mọ́. Iyọ̀ tó pọ̀ jù fún bàbá pọ̀ jù fún gbogbo yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ò ju nǹkan bíi ṣíbí tíì kan lọ. Mágì wà nínú ìṣirò yẹn, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágì.

Ní ti ìrìn, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó bẹ̀rẹ̀ fún àgbà. Ọmọdé nílò wákàtí kan lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n eré ni tiwọn: tẹn-tẹ́n, súwè, okùn fífò. Ẹ má jẹ́ kó dà bí ìyà.

Bàbá Ìbejì:

Mo ti wà lórí oògùn ìfúnpá láti ọdún 2019. Ìyàwó mi náà kọ́kọ́ se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún mi, èmi náà sì ń jẹ ohun tó wù mí níta. Ọkùnrin tó bá ń dá jẹ oúnjẹ aláìsàn nínú ilé rẹ̀, títa ni yóò ti jẹun. Ìgbà tí gbogbo wa jọ ń jẹ ọ̀kan náà ni mo tó jáwọ́. A ò ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọlé mọ́, omi tútù ló wà nínú fíríìjì. Ohun tí kò bá sí nílé, ọmọ ò ní sunkún rẹ̀ pẹ́.

Ọmọ Akin:

Kí wọ́n pa oògùn òyìnbó tì, kí wọ́n máa mu omi ewúro láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó tán.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní:

Ọmọ Akin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn mọ́. Ewúro dára nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ara á yá onítọ̀hún, á pa oògùn tì, rọpárọsẹ̀ á wá bá a níbi tó ti ń yọ̀ pé ara òun ti dá. Dókítà tó kọ oògùn ni kó sọ ìgbà tí wọ́n máa dín in kù.

Ìyá Aláta Ọjà Ọba:

Ẹ má yọ mágì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kọ ọbẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ hóró mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún di méjì. Kí irú gba àyè rẹ̀. Ẹ ṣan irú kí iyanrìn rẹ̀ kúrò, ẹ gún un mọ́ alùbọ́sà àti edé gbígbẹ, òórùn rẹ̀ nìkan á pe ará ilé jáde. Ẹ tọ́ irú wò kí ẹ tó san owó o, àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́.

Epo ńkọ́? Ẹ má tú u látinú kẹ́ẹ̀gì sínú ìkòkò, ojú ò mọ epo wọ̀n. Ṣíbí ni kí ẹ fi bù ú. Ẹ̀gúsí yín náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ló ni ìkòkò, kí ẹ̀gúsí wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Ìdànrè:

Ẹ kó àwọn ọmọ wá sí Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé kan, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí bàbá Mofẹ́ bi dókítà rẹ̀ ná.

Ìyá Àgbà Ondo:

Ọmọ mi, gbọ́. Má wí létí ìyá ọkọ rẹ pé oúnjẹ wọn ń pa èèyàn. Opó ọkùnrin tí rọpárọsẹ̀ mú lọ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé àwọn làwọn pa ọkọ àwọn. Mú ìwé tí wọ́n kọ ìfúnpá sí, jókòó tì wọ́n, ní, "Màmá, ẹ ràn mí lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe Bàbá ṣe ọmọ yín." Kí o wá fi ọ̀rọ̀ ìkòkò lé wọn lọ́wọ́.

Iyán la jẹ dàgbà ní Ondo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ti fẹsẹ̀ rìn lọ sóko kòkó, a ti fẹsẹ̀ bọ̀, kí a tó gún un. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ kò lè jẹ iyán ẹni tó ṣán oko. Bí wọ́n bá ní kí iyán kéré, kí ó kéré nínú àwo kékeré, kí ó má bàa dà bí àjẹkù.

Ìyá Mofẹ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo fi ìwé náà han Màmá. Wọ́n mú un lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ni mo bá ní kíṣìnnì, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Wọ́n ti fi hóró mágì méjì pa mọ́ sínú àpò aṣọ wọn kí n má bàa rí i lò.

Ọkọ mi pe Mofẹ́ sí iwájú ilé lọ́jọ́ Àìkú. Ojú fèrèsé ni mo wà, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo kàn rí i pé ọmọ náà gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀. Oúnjẹ kúlà dín sí ìdajì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́bọ̀, èèpo ọsàn nìkan ló kù nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń rìn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ báyìí, àbúrò rẹ̀ náà ti ń tẹ̀ lé wọn.

Ìfúnpá ti wá sí 144/92. Dókítà ní kò tíì tó, kó má fi oògùn jáfara. Àsùn ṣì wà lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò tíì mọ bí a ó ṣe rí ìyẹn ṣe.

Màmá ń bèèrè ẹ̀bọ̀lọ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì rí i rà lápá ọ̀dọ̀ wa. Ibo ni mo ti lè rí i?

Ìyá Aláta Ọjà Ọba:

Ẹ tètè jí wá sọ́jà, kó tó di aago 8. Àwọn ìyá tó ń já a bọ̀ láti oko kì í pẹ́ tà á tán. Ẹ mú Mofẹ́ dání, kí ó bá yín mú un.