Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìdíje eré sísá àti ìbọn yíyìn

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè bí èèyàn ṣe lè mú ìbọn dúró sójú kan tó bá sáré dé ibi ìyìnbọn tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ìdíje náà ti wáyé, ìlànà biathlon (ìdíje tí wọ́n ti ń fi igi pẹlẹbẹ sáré lórí yìnyín, tí wọ́n sì ń dúró yìnbọn lójú ọ̀nà) ni wọ́n lò, àmọ́ ẹsẹ̀ la fi sáré, mo sì parí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n dín eré kù kí n tó débẹ̀. Ìwọ̀nba àkókò tó gbà mí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 150 mítà tí wọ́n ń ní kí èèyàn sá fún ọta kọ̀ọ̀kan tó bá tàsé. Fífi ìbọn tí kò ní ọta nínú dánra wò nílé náà ràn mí lọ́wọ́ gidi, pàápàá lẹ́yìn tí mo bá ti fò títí tí mo fi ń mí helehele. (Ẹ yẹ inú ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.) Nígbà tí mo dojú bolẹ̀ láti yìnbọn, mo ba gbogbo àmì márààrún, bẹ́ẹ̀ 45 mílímítà péré ni fífẹ̀ wọn láti 50 mítà.

Dídá èémí dúró ló ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó dáa ní ìdojúbolẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ìdúró, bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ojú á máa ṣú, ẹnu ìbọn á sì máa mì.

Ìdúró yẹn ló kù. Àmì tibẹ̀ fẹ̀ tó 115 mílímítà, síbẹ̀ méjì ni mo bà. Bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ni mo ń tún ṣe báyìí. Ẹ ṣeun púpọ̀.