Ààfin ni ti Amboise, kì í ṣe ilé ìṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lórí château (irú ilé ńlá tí ọba tàbí ìjòyè ilẹ̀ Faransé ń gbé) ìlú Amboise tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún yìí, ẹnì kan ní ká pè é ní ilé ìṣọ́, ẹlòmíì ní odi agbára, ẹ̀gbọ́n wa kan sì ní ká kúkú kọ ọ́ ní ṣàtó, bí Faransé ṣe ń pè é. Ààfin lèmi fara mọ́.

Etí odò Loire, nílẹ̀ Faransé, ni ìlú náà wà. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Ìdílé ìjòyè kan ló ni ín tẹ́lẹ̀ kí Charles Keje, ọba Faransé, tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Wọ́n bí Charles Kẹjọ, tí òun náà jọba, síbẹ̀ ní 1470. Òun ló tún un kọ́, tó sọ ọ́ di àrímáleèlọ, ibẹ̀ náà ló sì wàjà sí ní 1498: ó ń lọ wo eré bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó fi orí gbá àtẹ́rígbà. Ibi tí wọ́n bí ọba sí, tó ti ń gbàlejò, tó sì wàjà sí, kí ni Yorùbá ń pè é bí kò ṣe ààfin?

Ẹni tó ní ilé ìṣọ́, ilé gogoro rẹ̀ ló ń wò. Àmọ́ inú Tour des Minimes, ọ̀kan nínú ilé gogoro náà, fẹ̀ débi pé ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbabẹ̀ yípo yípo gòkè láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí ọba àti àlejò rẹ̀ ń gbà wọlé nìyẹn. Ní ti odi, ṣebí ààfin Ọ̀yọ́-Ilé náà lódi tirẹ̀? Ta ló torí ìyẹn yọ orúkọ ààfin lára rẹ̀?

Ṣàtó ló tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù. Orúkọ yẹn náà ni Faransé ń pe Clos Lucé, ilé bíríkì tó wà nítòsí, tí ọba François Kìn-ín-ní fi Leonardo da Vinci, gbajúmọ̀ ayàwòrán ará Ítálì, wọ̀ sí ní 1516, tí bàbá náà sì kú sí ní 1519. Lóòótọ́, Charles Kẹjọ ló ra ilé náà ní 1490, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ibùjókòó ọba. Bí a bá kọ ṣàtó fún méjèèjì, báwo ni òǹkàwé ṣe máa mọ ilé ọba yàtọ̀ sí ilé tí ọba fi àlejò wọ̀ sí? Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. "Ilé ńlá" tó Clos Lucé.

Ẹnì kan tún bi wá pé, ṣé ibi tí wọ́n fi Abd el-Kader, aṣáájú Àlùjéríà tó bá Faransé jagun, sí láhàámọ́ láti 1848 dé 1852 ṣì ń jẹ́ ààfin? Ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ààfin ni wọ́n há a mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àsìkò yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ "ààfin àtijọ́".

"Ààfin olódi" ni mo dábàá fún Amboise àti irú rẹ̀ tí ọba gbé. Èyí tí ìjòyè lásán kọ́, tó sì mọ odi yí ká, mo ń wò ó bóyá "ilé ìjòyè olódi" lè bá a mu, àmọ́ ó gùn lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.