Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tí fífọ kápẹ́ẹ̀tì ilé yóò ná mi kí oníṣẹ́ tó dé?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kí àwọn tí wọ́n mọ fífọ kápẹ́ẹ̀tì níṣẹ́ wá bá mi fọ ti ilé mi, ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n ń pè kò bára mu rárá, n kò sì mọ èyí tí mo lè gbára lé nínú wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní iye yàrá ni òun fi ń ṣírò. Ẹnì kejì ní mítà onígun mẹ́rin ni tòun. Ẹnì kẹta kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi lórí fóònù tó fi dá owó lé e, owó tirẹ̀ ló sì kéré jù. Pálọ̀ kan, yàrá ibùsùn méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan àti àtẹ̀gùn onígbèésẹ̀ 13 ni kápẹ́ẹ̀tì wà. Mo tún ní rọ́ọ̀gì kan tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, èyí tí ológbò ti tọ̀ sí. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà ṣírò iye tó yẹ kí n máa retí, kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni máa bọ̀?

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyí, nítorí náà n ó sọ bí àwa fúnra wa ṣe ń ṣírò. Ohun tí à ń gbowó lé lórí ní tòótọ́ ni ibi tí ẹnu ẹ̀rọ bá kàn, àti àkókò tí a óò lò níbẹ̀. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn òòró àti ìbú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní pálọ̀ yín jẹ́ mítà 6 sí 4, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 24. Ká ní yàrá ibùsùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 4 sí 3, tí méjèèjì fi jẹ́ 24. Ká sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ mítà 5 sí 1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 53. Ẹ wá yọ ibi tí àwọn ẹrù tí kò ní kúrò lójú kan gbà: bẹ́ẹ̀dì tó gba 3 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, àga ńlá àti kọ́bọ́ọ̀dù tó gba 6 ní pálọ̀. Ó ku 41. Kí ẹ bi ẹni tó ń fi mítà ṣírò bóyá 53 ni yóò gbowó lé lórí tàbí 41, nítorí pé àwọn kan máa ń gba owó ilẹ̀ tí wọn kò fọ̀.

Àtẹ̀gùn ní ìṣírò tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a sábà ń kà, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú ni a fi ń fọ̀ ọ́, a sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dáadáa, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń gún un lójoojúmọ́ tí ìdọ̀tí sì ti wọnú òwú lọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ìgbésẹ̀ 13 bá gbowó tó odindi yàrá kan.

Ní ti ẹni tó ń fi yàrá ṣírò, ẹ bi í pé báwo ni yàrá kan ṣe tóbi tó lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìwọ̀n tí yàrá kan kò gbọdọ̀ kọjá. Bí pálọ̀ yín bá kọjá rẹ̀, yàrá méjì ni wọn yóò kọ sínú ìwé owó, mẹ́rin tí ẹ ti fọkàn sí yóò sì di márùn-ún, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ti gorí owó náà kí omi tó kan ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ pẹ̀lú lè gba owó yàrá kan gbáko. Nítorí náà, ẹ yọ owó àtẹ̀gùn sí ọ̀tọ̀, kí ẹ pín iye tí ó kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 41; ìgbà náà ni ẹ óò mọ ẹni tó wọ́n gan-an.

Ẹ tún béèrè irú fífọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Èyí tí a fi omi gbígbóná ṣe ni pé a óò kọ́kọ́ fa eruku, a óò fọ́n ọṣẹ sí i, a óò fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, a óò fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò ti omi wọlé tí yóò sì fà á padà jáde. Ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kó tó gbẹ. Èyí tí kò lo omi púpọ̀ máa ń gbẹ láàárín wákàtí kan sí méjì, ṣùgbọ́n kì í wọ ìsàlẹ̀ òwú bíi ti àkọ́kọ́. Kò tọ́ kí ẹ fi owó ọ̀kan wé owó èkejì bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ìdáhùn kejì

Èmi kì í ṣe oníṣẹ́, oníbàárà ni mí. Iye tí ẹnì kẹta yẹn pè lórí fóònù láìbéèrè ohunkóhun ló kọ mí lóminú jù. Irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ owó àtiwọlé ni: bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tán, wọn yóò ní ìdọ̀tí yìí ti pọ̀ jù, wọn yóò ní owó àbàwọ́n ọ̀tọ̀, owó òórùn ọ̀tọ̀, owó gbígbé àga ọ̀tọ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé owó tí ó pè kan ọṣẹ tí wọn yóò kọ́kọ́ fọ́n sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé e? Bí ó bá ní owó ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, a jẹ́ pé omi lásán ni ó fẹ́ tà fún yín. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó ní iye tí owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí, nítorí pé bí ẹ bá ní kó fọ yàrá kan ṣoṣo, iye yẹn náà ni ẹ óò san. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wọn ilé, 38 ló kù lẹ́yìn tí mo yọ ibi tí ẹrù wà. Ẹni tó ń fi yàrá ṣírò ló wá wọ́n jù báyìí, bẹ́ẹ̀ mo rò pé owó tirẹ̀ rọjú tẹ́lẹ̀. Ó ku rọ́ọ̀gì irun àgùntàn. Ẹni yìí kan náà ní òun lè fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ìyókù nílẹ̀ níbẹ̀, kí n sì san owó díẹ̀ sí i fún oògùn tí kì í jẹ́ kí àbàwọ́n mú kápẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn kẹta (oníṣẹ́ àkọ́kọ́)

Ẹ má gbà fún ti rọ́ọ̀gì. Ọṣẹ tí a fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi òwú náílọ́ọ̀nù ṣe sábà máa ń le ju ohun tí irun àgùntàn lè gbà lọ. A kì í fẹ́ kí pH ọṣẹ rẹ̀ (òǹkà tó ń fi bí ọṣẹ ṣe le tó hàn) ju nǹkan bí 8.5 lọ, omi tó gbóná jù sì lè mú kó súnkì. Bí òwú àpò ìdọ̀họ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí omi sì pẹ́ lára rẹ̀, àwọ̀ búráùn yóò yọ sójú rẹ̀. Ìtọ̀ ológbò tún ní tirẹ̀: kì í dúró lójú, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn, nítorí náà a ní láti gbé rọ́ọ̀gì náà lọ sí ibi iṣẹ́, ká rẹ ẹ́ sínú omi, ká sì sá a tẹ̀yìn tiwájú. Owó rẹ̀ fún mítà kan yóò ju ti kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ lọ dáadáa, kò sì yẹ kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ 38 yẹn.

Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi aṣọ funfun tútù tẹ igun kan mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí aró bá ràn mọ́ aṣọ náà, ẹ sọ fún wọn, nítorí ó lè yí ọ̀nà tí wọn yóò gbà fọ̀ ọ́ àti owó rẹ̀ padà. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òórùn ni wọ́n ń gbowó láti mú kúrò tàbí àbàwọ́n; ìtọ̀ tó ti pẹ́ lè ti ba aró jẹ́, fífọ̀ kò sì lè dá aró padà.

Ìdáhùn kẹrin

Ní ti oògùn àbàwọ́n, èmi yóò san án fún àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti iwájú àga pálọ̀ nìkan. Oníṣẹ́ tó bá ní dandan ni kí ẹ ra ti gbogbo ilé, ẹ bi í ohun tó fẹ́ dà sílẹ̀ nínú yàrá tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ sí. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn: bí kápẹ́ẹ̀tì yín bá ṣì wà lábẹ́ àdéhùn ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ ka ìwé àdéhùn náà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní kí oníṣẹ́ máa fọ̀ ọ́ láàárín oṣù 12 sí 18, kí ẹ sì lè fi rìsíìtì hàn, àwọn kan tilẹ̀ dárúkọ irú fífọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí omi gbígbóná ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ yọ ẹni tó bá ń ṣe èyí tí kò lo omi púpọ̀ kúrò nínú àwọn tí ẹ ń yẹ̀ wò, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ rọjú.