Bàbá mi ní òun ò fi oko sílẹ̀, àbúrò mi fẹ́ wọ Àmọ̀tẹ́kùn. Kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ti rí oorun sùn dáadáa.

Ìbàràpá ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi ṣì wà. Wọ́n ti pé ọdún 74. Ẹ̀gẹ́ àti bàrà ni wọ́n ń gbìn, oko náà sì tó ìrìn wákàtí kan sílé. Tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n lè sùn sí ahéré fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn lóru, tí wọ́n pa èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ, tí wọ́n dáná sun ààfin, ni ẹ̀rù oko ti ń ba gbogbo wa nílé. Bàbá nìkan ni ò bà.

Lóṣù tó kọjá, ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà bá iná níbi odò, àwọn tó fi sun iṣu ti lọ, èéfín ṣì ń rú níbẹ̀. Kò mọ ẹni tó dá a. Ó sá wálé, ó gbàgbé àdá rẹ̀ sóko. Mo pe bàbá pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, yàrá tí mo fẹ́ máa jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n?"

Àbúrò mi ọkùnrin wá ní òun fẹ́ wọ Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ọdún 23 ni. Inú bàbá dùn sí i, tèmi ò dùn. Mi ò ní purọ́, tí mo bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà nígbà tí mo bá ń lọ sílé, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Àmọ́ nígbà ìpolongo ìbò kan, àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ àdúgbò (wọn kì í ṣe Àmọ̀tẹ́kùn o) dá mi dúró ní aago mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ń wo fọ́tò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni mò ń ṣe. Mo mọ ìyá ọmọ tó di tọ́ọ̀ṣì yẹn mú, a jọ ta ẹ̀kọ rí. Títí di òní, tí mo bá ti rí tọ́ọ̀ṣì lóru, àyà mi á já.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n pa àbúrò mi, mi ò sì fẹ́ kó di ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń sá fún. Ṣé kí n fi tipátipá kó bàbá kúrò lóko? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ náà lọ?

Ìyá Ìbejì, Ìgbòọrà
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi tipátipá kó wọn, mo bẹ̀ yín. A kó bàbá ọkọ mi lọ sí Èkó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìgàngàn yẹn. Ara wọn le koko nígbà tí wọ́n ń lọ. Láago márùn-ún ìdájí ni wọ́n máa ń jí, wọ́n á wọ aṣọ oko, wọ́n á gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà fúláàtì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oṣù méje ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, wọn ò dá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi mọ̀ mọ́.

Ohun tí àwa ń ṣe báyìí ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá lọ. Àwa mẹ́fà tí oko wa wà lọ́nà kan náà la jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í bá wa lóko. Oorun ahéré ti dèèwọ̀. Ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ o, ẹ̀gẹ́ tí à ń wú fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń gba ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èèyàn ń rí oko rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ nítorí ààbò nìkan lẹ fi fẹ́ kó wọn wá sígboro, ẹ tún un rò. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, inú ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ n'Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti pa àwọn èèyàn wa, ó tó 40. Kì í ṣe oko, kì í ṣe igbó, àárín ìlú ni. Ìlú olóògbé Akérédolú, gómìnà Oǹdó ìgbà náà, fúnra rẹ̀ ni, ẹni tó wà nídìí Àmọ̀tẹ́kùn gan-an. Nínú ọdún yẹn náà ló figbe ta pé wọn ò jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ wa gbé ìbọn gidi bíi ti àwọn tó ń wá pa wá.

Akin Ọ̀kè-Ògùn
Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ! Ta ni yóò ṣọ́ wa bí àwọn ọmọ wa bá kọ̀? Òfin kí màlúù má jẹ̀ káàkiri ti wà, Èkìtì ti ṣe é láti 2016, àwọn gómìnà gúúsù sì fẹnu kò sí i ní Asaba ní oṣù Karùn-ún 2021. Oko mi ni kí ẹ wá wò. Ìwé òfin kì í lé màlúù.

Agbẹjọ́rò Òde Ìlú
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yé mi. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì pé tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu. Ìgbà tí wọ́n jókòó sọ ọ́ tán ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Nítorí náà, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, ọ̀gá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ní ti ọlọ́pàá, abala 214 ìwé òfin ní ọ̀kan ṣoṣo ni kó wà ní gbogbo Nàìjíríà. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, kọmíṣánnà sì lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Ààrẹ. Ẹ fojú inú wo bàbá yín lóko nígbà tí wọ́n ń dúró de èsì Abuja.

Ní ti fóònù yín: kò sí òfin tó fún ẹ̀ṣọ́ àdúgbò láṣẹ láti máa wo fọ́tò yín tàbí láti béèrè ẹgbẹ́ tí ẹ wà. Tí wọ́n bá mú èèyàn, ọlọ́pàá ni kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Abala 35 sọ pé tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Kí àbúrò yín há èyí sórí kó tó gba aṣọ.

Bàbá Mókọ́lá
Ọmọ mi, mo ti lé ní 75, ojú mi ti rí i. Ní 1965, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹ́mọ ń ṣèjọba ilẹ̀ wa níbí, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wà, abẹ́ kánsù ni wọ́n wà. Ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ gbogbo ilé. Ẹni tí kò bá ṣe Dẹ́mọ, wọ́n á bu owó orí tó ju agbára rẹ̀ lọ fún un, àwọn ọlọ́pàá yìí kan náà ni yóò sì wá mú un. Alẹ́ ni wọ́n wá mú bàbá mi. Ẹni tó de ọwọ́ wọn lókùn ti jẹun nílé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá ni wẹ́tì ẹ gba gbogbo ìgboro kan, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti èèyàn. Nígbà tí sójà gba ìjọba, kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rẹ́, àwa kan sì jó.

Kì í ṣe pé mo ní kí ọmọ náà má lọ. Ẹ wádìí ẹni tó máa gbà á síṣẹ́. Bó bá jẹ́ lẹ́tà olóṣèlú kan ló fẹ́ gbé lọ kí wọ́n tó mú un, lọ́jọ́ tí olóṣèlú yẹn bá rán an níṣẹ́ sí ọmọnìkejì rẹ̀, kò ní lè kọ̀.

Ọmọ Gáà
Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Fúlàní ni mí, Ìbàràpá ni wọ́n bí mi sí, èdè Yorùbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ìyá mi ń ta wàrà lọ́jà, àwọn oníbàárà wọn ló sọ mí lórúkọ Àyìndé. Ní oṣù Kìíní 2021, nígbà tí Sunday Igboho, ajàjàgbara Yorùbá, fún àwọn Fúlàní ní ọjọ́ méje láti kúrò n'Ígàngàn, tí ilé ń jóná, a kó lóru. Àwa náà ń sá fún ajínigbé, màlúù la ń tà san owó ẹni tí wọ́n bá gbé. Ìyá mi ò dé ọjà yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Òfin ní ọmọ Nàìjíríà lè gbé níbi tó bá wù ú. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó béèrè orúkọ kó tó yìnbọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Àyìndé, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá kan ń gbé wàrà wá fún wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò tíì béèrè ibi tí wọ́n wọlé sí. Kí Ọlọ́run bá mi kí ìyá rẹ.

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo pe ilé lálẹ́ àná. Àbúrò mi ní alága wọ́ọ̀dù kan ló fẹ́ kọ lẹ́tà fún òun lóòótọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Mókọ́lá sí i létí, ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun á jáwọ́ nínú lẹ́tà, òun á dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta fọ́ọ̀mù fún gbogbo èèyàn. Mi ò tíì fọwọ́ sí i tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mi ò ní dè é lókùn.

Bàbá gbà pé àwọn ò ní sùn lóko mọ́. Wọ́n ti bá àwọn mẹ́rin sọ ọ́ kí wọ́n jọ máa lọ, wọ́n sì ní kí èmi náà wá lọ́jọ́ Sátidé kí n wá fojú ara mi rí ọ̀nà náà. Wọ́n ní kí n ra bàtà òjò bọ̀ fún àwọn, nọ́ńbà 43.